Bí ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà kékeré gba ìgbì rédíò sílẹ̀ tọ̀sán-tòru

Ìgbì rédíò kún inú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò FM wà láàrin 88 sí 108 MHz. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ń bá àwọn tó ń darí wọn sọ̀rọ̀ láàrin 118 sí 137 MHz. Ọkọ̀ ojú omi ń kéde ibi tó wà lórí 161.975 àti 162.025 MHz, ọkọ̀ òfuurufú ń kéde tirẹ̀ lórí 1090 MHz, bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, rìmóòtù géètì àti ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ń lo agbègbè 433.92 MHz. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, pẹ̀lú dongle USB kan tó gùn tó ìka ọwọ́ (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò wọ inú kọ̀ǹpútà), lè máa gba gbogbo èyí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Gbígbà á sílẹ̀ kò ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí àkọsílẹ̀ náà ṣeé fọkàn tán nígbà tí ẹ bá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ rí i pé ariwo ga sókè lóru ọjọ́ kan: ṣé nǹkan tuntun ló wọ afẹ́fẹ́ ni, àbí dongle ló yí gain rẹ̀ (bó ṣe ń gbé ìgbì sókè) padà fúnra rẹ̀, àbí aago kọ̀ǹpútà ni kò tọ̀nà? Bí fáìlì yín kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lórí ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó tẹ àṣẹ ìgbàsílẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu irú àkọsílẹ̀ tí ẹ fẹ́

Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà á gba ìgbì wọlé, á ṣírò bó ṣe lágbára tó, á kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, á sì da ìgbì fúnra rẹ̀ nù. Tábìlì ló máa kù sí yín lọ́wọ́: ní aago báyìí, fíríkúẹ́ńsì báyìí lágbára tó báyìí. Ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ẹ ò sì lè padà lọ tú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ máa mọ ìgbà tí wọ́n ń lo ìkànnì kan àti ìgbà tó dá páropáro, ẹ máa mọ ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dáwọ́ dúró.

Nínú ọ̀nà kejì, gbogbo sáńpù (ìwọ̀n ìgbì tí dongle ń mú léraléra) tó bá wọlé lẹ máa tọ́jú láìyọ ọ̀kan. Sáńpù kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà méjì, tí wọ́n ń pè ní I àti Q, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá lè ṣe sí ìgbì náà lójú ẹsẹ̀ lẹ lè ṣe sí i lọ́dún tó ń bọ̀: ẹ lè gbọ́ ọ, ẹ lè tú u, ẹ lè wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó máa ná yín ni àyè. Bí ẹ bá ń gba mílíọ̀nù 2.4 sáńpù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, MB 4.8 ló ń wọlé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn jẹ́ MB 288 ní ìṣẹ́jú kan, GB 17.28 ní wákàtí kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 415 ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá dín in kù sí 250,000 sáńpù, GB 1.8 ní wákàtí kan ni, GB 43.2 lójúmọ́. Ẹ fi wé ọ̀nà àkọ́kọ́: kí ẹ máa wọn gbogbo FM láti 88 dé 108 MHz ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10, MB 140 ló máa jẹ́ tàbí kó lé díẹ̀ lójúmọ́, kí ẹ tó fún un pọ̀ rárá.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ lo ọ̀nà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ tó máa gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kí ẹ sì fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún ohun kúkúrú tí ẹ mọ̀ dájú pé ẹ ń wá. Ẹni tó bá gba gbogbo sáńpù sílẹ̀ láìní ìdí kan pàtó kì í padà lọ wò wọ́n.

Ohun èlò

Dongle tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni RTL-SDR. Fún wíwo tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe ṣíìpù RTL2832U tó wà nínú rẹ̀, kó tó di ọdún 2012 tí àwọn olùṣèwádìí rí i pé ó lè fi sáńpù ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní tààràtà. Èyí tó ní ṣíìpù R820T2 nínú máa ń gbọ́ láti nǹkan bí 24 MHz dé nǹkan bí 1,766 MHz. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ TCXO sí lára. TCXO túmọ̀ sí pé aago inú rẹ̀ kì í yẹsẹ̀ púpọ̀ nígbà tó bá gbóná, ẹ máa rí bó ṣe ṣe pàtàkì tó níwájú. Bí ó bá jẹ́ RTL-SDR Blog V4 lẹ ní, sọ́fítíwíà àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ rí i pé ti tuntun lẹ lò.

Raspberry Pi 4 tàbí 5 dára jù. Pi 3 náà lè ṣe é, àmọ́ ọ̀nà USB 2.0 kan ṣoṣo ni dongle, SSD àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń pín lò lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni sáńpù ti máa ń sọnù. Pi 4 ní USB 3.0, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dá wà. Ẹ lo ṣájà tó yẹ ẹ́, 5 V àti 3 A fún Pi 4. Ṣájà fóònù lásán kò tó.

Ẹ má kọ àkọsílẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Kíkọ láìdáwọ́dúró máa ń jẹ káàdì run, bí ó bá sì bàjẹ́, kọ̀ǹpútà àti àkọsílẹ̀ ló jọ lọ. SSD tó ń wọ ihò USB ni kí ẹ lò.

Fún áńtẹ́nà, wáyà tó dúró gbọọrọ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín 75 sí iye MHz, ohun tí ẹ bá rí ni gígùn rẹ̀ ní mítà: 100 MHz ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, 433 MHz ń fẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17, 1090 MHz kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 7. Èyí tí ẹ bá gbé síta gbọ́dọ̀ ní wáyà tó wọ ilẹ̀ nítorí mànàmáná.

Nǹkan kan tí kò wọ́n àmọ́ tí kò ṣeé yọ sílẹ̀ ni wáyà USB mítà kan tàbí méjì láàrin Pi àti dongle. Kọ̀ǹpútà kékeré ń pariwo lórí rédíò, ṣájà rẹ̀ ń pariwo, wáyà HDMI náà ń pariwo. Bí ẹ bá ki dongle bọ inú ihò USB ní tààràtà, ariwo Pi lẹ máa fi ọ̀pọ̀ oṣù gbà sílẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà, ẹ fi ferrite (òrùka tó ń dí ariwo lára wáyà) há wáyà náà, ẹ sì yọ HDMI.

Fífi sọ́fítíwíà sí i

Ẹ fi Raspberry Pi OS Lite sórí káàdì, ẹ ṣí SSH nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ẹ lè máa bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà:

sudo apt update
sudo apt install rtl-sdr python3-numpy
echo 'blacklist dvb_usb_rtl28xxu' | sudo tee /etc/modprobe.d/rtlsdr.conf
sudo reboot

Ìlà kẹta yẹn ló ń dá Linux dúró kó má bàa gbé dongle fún iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Láìsí i, wọ́n máa sọ fún yín pé ẹlòmíì ti ń lo dongle náà.

Ẹ rí i dájú pé sáńpù kò sọnù

Ẹ tẹ èyí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá:

rtl_test -s 2400000

Àṣẹ yìí máa ń ní kí dongle fi nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ara wọn ránṣẹ́ dípò ìgbì, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bí ọ̀kan bá fò. Bí báìtì díẹ̀ bá sọnù ní ìbẹ̀rẹ̀, kò burú. Bí «lost at least» bá ń jáde léraléra lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ dín iye sáńpù kù sí 2048000 tàbí 1024000, ẹ pààrọ̀ wáyà USB, ẹ yọ ohun tí ẹ kò lò kúrò nínú àwọn ihò yòókù. Dongle yìí lè dé 3.2 mílíọ̀nù sáńpù lórí ìwé, ṣùgbọ́n ibi tó ti fi ara balẹ̀ ni 2.4 mílíọ̀nù.

Ẹ wo iná rẹ̀ náà:

vcgencmd get_throttled

Bí ó bá dá 0x0 padà, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 0x50000, ó túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí ẹ ti tan án, iná ti kéré sí i rí, kọ̀ǹpútà sì ti dín iyára rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Ẹ wá ṣájà mìíràn kí ẹ tó lọ síwájú. Bí wọ́n bá máa gbé e sínú àpótí níta, ẹ máa fi «vcgencmd measure_temp» wo ooru rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nítorí láti nǹkan bí 80°C lọ, Pi máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Gain: ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀

Gain ni bí dongle ṣe ń gbé ìgbì sókè kó tó sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí ẹ kò bá sọ iye kan, dongle á máa yàn fúnra rẹ̀. Bí ìgbì bá lágbára, á dín in kù. Bí ó bá rọlẹ̀, á gbé e sókè. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin. Fún àkọsílẹ̀, ó ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí pé ohun tí ẹ fẹ́ wọn gan-an ni dongle ń pa rẹ́. Nítorí náà, ẹ yan iye kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. R820T2 ní ìpele gain 29, láti 0.0 dé 49.6 dB (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìgbì).

Báwo lẹ ṣe máa yàn án? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20.7. Ẹ yọ áńtẹ́nà, ẹ fi ìdérí 50 ohm sí ẹnu dongle, ẹ wọn ariwo ìsàlẹ̀, ìyẹn ariwo tó wà níbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá dá áńtẹ́nà padà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọra, ariwo inú dongle lẹ ń gbọ́, ẹ ò tíì gbọ́ afẹ́fẹ́: ẹ gbé gain sókè. Bí ti áńtẹ́nà bá ga ju ti ìdérí lọ ní dB díẹ̀, ẹ ti dé ibi tó yẹ. Kò sí èrè nínú kí ẹ tún máa gbé e sókè lẹ́yìn ìyẹn.

Àṣejù rẹ̀ máa ń bí ìgbì ayédèrú. Báìtì kan ṣoṣo ni dongle ní fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 255, ilé iṣẹ́ FM kan tó wà nítòsí sì lè kún un dé ẹnu. Ẹ máa wá rí ilé iṣẹ́ rédíò níbi tí kò sí ọ̀kankan, àní ní agbègbè ọkọ̀ òfuurufú pàápàá. Ẹ lè dá wọn mọ̀ báyìí: ẹ dín gain kù láti 28.0 sí 20.7, ìyẹn dB 7.3. Ìgbì tòótọ́ á wálẹ̀ ní nǹkan bí iye yẹn. Ayédèrú á já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, tàbí kó pòórá pátápátá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń dín ìgbì kù ní dB 10, ẹ fi sí ẹnu dongle: irú ayédèrú tó wọ́pọ̀ jù máa ń fi nǹkan bí dB 30 wálẹ̀ nígbà tí ìgbì tòótọ́ fi 10 péré wálẹ̀. Bí FM tó wà nítòsí bá ń yọ yín lẹ́nu títí, ẹ ra asẹ́ tó ń dí 88 sí 108 MHz, ẹ fi sí àárín áńtẹ́nà àti dongle.

Aago àti fíríkúẹ́ńsì

Pi 4 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní bátìrì aago. Nígbà tí iná bá lọ tó sì dé, á bẹ̀rẹ̀ láti aago tó wà níbẹ̀ kẹ́yìn kó tó kú, títí íntánẹ́ẹ̀tì á fi tún un ṣe. Bí ìgbàsílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ kó tó rí aago tòótọ́, fáìlì á jẹ́ orúkọ àná. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà máa dúró de aago, ẹ sì fi í sórí UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé):

sudo timedatectl set-timezone UTC
sudo systemctl enable systemd-time-wait-sync

UTC ṣe pàtàkì nítorí pé rtl_power, àṣẹ ìgbàsílẹ̀ tí a máa lò, máa ń kọ aago tó bá bá lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sọ èwo ni. Níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, GPS kékeré lè fún un ní aago. Pi 5 ní aago tirẹ̀ bí ẹ bá fi bátìrì sí i.

Fíríkúẹ́ńsì náà lè yẹ̀. Dongle tí kò ní TCXO lè fi ppm 50 (50 nínú mílíọ̀nù kan) yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lórí 1000 MHz, ìyẹn jẹ́ 50 kHz, ó tó láti gbé yín dé orí ìkànnì ẹlòmíì. Ti ppm 1 kò ju nǹkan bí 434 Hz lọ lórí 433.92 MHz. Ẹ tan dongle fún bí ìdajì wákàtí kó gbóná dáadáa, kí ẹ wá lo «rtl_test -p» láti mọ iye tó fi yẹ̀, ẹ máa fi iye yẹn sí -p nínú gbogbo àṣẹ yín.

Ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́

rtl_power -f 88M:108M:10k -i 10 -g 20.7 -p 1 -e 5m danwo.csv

Ẹ ní kó wo 88 dé 108 MHz ní ìpín 10 kHz, kó kọ ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10, kó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ẹ má fò ohun tó máa kọ́kọ́ kọ sójú kọ̀ǹpútà:

Number of frequency hops: 8
Dongle bandwidth: 2500000Hz
Total FFT bins: 2048
FFT bin size: 9765.62Hz
Buffer size: 16384 bytes (3.28ms)

Dongle kò lè wo 20 MHz lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pín in sí 8, ó ń wo 2.5 MHz lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpín tí ẹ pè ní 10 kHz ti di 9765.62 Hz, torí pé ìṣírò rẹ̀ máa ń gé e sí ọ̀nà 256. Ìyẹn kò ní wàhálà, bí ẹ bá ti ń ka iye yẹn láti inú fáìlì. Ìlà tó kẹ́yìn ni kí ẹ ronú lé lórí: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 3.28 ló fi ń wo apá kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá sí òmíràn. Bí ọdẹ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì yí yàrá mẹ́jọ ká ni, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì nígbà tó wà ní ìkarùn-ún, kò rí i. Ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rìmóòtù tó fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá pariwo lè kọjá láìsí ẹ̀rí kankan.

Nítorí náà, bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ìgbì kúkúrú, ẹ dín agbègbè náà kù kó lè wọ 2.4 MHz kan, kí dongle má bàa ní ìdí láti máa fò kiri. Ẹ tún lè fi -P kún àṣẹ náà, kó máa kọ iye tó ga jù dípò àárín. Ẹ má sì pa fáìlì tó ní -P pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nínú fáìlì, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, aago, fíríkúẹ́ńsì ìsàlẹ̀, ti òkè, ìpín, iye sáńpù, lẹ́yìn náà ni dB tẹ̀ lé dB. Àwọn dB yìí kì í ṣe dBm. Wọ́n lè sọ fún yín pé lónìí ga ju àná lọ ní 6, wọn kò lè sọ iye agbára gan-an tó dé ẹnu áńtẹ́nà, àyàfi bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì tí a mọ agbára rẹ̀ ránṣẹ́ láti fi wọ̀n ọ́n.

Kó máa ṣe é fúnra rẹ̀

Ẹ kọ fáìlì yìí, kí ẹ pè é ní gba.sh (/mnt/gba ni fódà tí a so SSD mọ́):

#!/bin/bash
mountpoint -q /mnt/gba || exit 1
cd /mnt/gba
while true; do
  f=fm_$(date -u +%Y%m%dT%H%M%SZ).csv
  rtl_power -f 88M:108M:10k -i 10 -g 20.7 -p 1 -e 1h "$f"
  [ -s "$f" ] && gzip "$f" &
  sleep 2
done

Ìlà tó ní mountpoint kò gbọdọ̀ sọnù. Bí SSD bá yọ lóru, fódà /mnt/gba ṣì wà níbẹ̀, òfìfo, lórí mẹ́mọ́rì káàdì. Láìsí ìlà yẹn, kọ̀ǹpútà á máa kọ sínú rẹ̀ títí káàdì á fi kún, gbogbo rẹ̀ á sì dákú. Wákàtí kan fún fáìlì kan ni mo fẹ́ràn: bí iná bá lọ, wákàtí yẹn nìkan lẹ lè pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí gba.sh lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú «chmod +x gba.sh», kí ẹ wá kọ èyí sí /etc/systemd/system/gba.service, kí ẹ fi orúkọ tí ẹ fi ń wọlé rọ́pò «oruko»:

[Unit]
Wants=time-sync.target
After=time-sync.target

[Service]
User=oruko
ExecStart=/home/oruko/gba.sh
Restart=always
RestartSec=10

[Install]
WantedBy=multi-user.target

Lẹ́yìn náà, «sudo systemctl enable --now gba». Ẹ fa iná yọ, ẹ tún un fi sí i, kí ẹ wò ó bóyá ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé e lọ síbi tó máa wà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ìgbì náà gan-an

rtl_sdr ni àṣẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba ìṣẹ́jú kan lórí 433.92 MHz, ní 1,024,000 sáńpù:

time rtl_sdr -f 433700000 -s 1024000 -g 28 -p 1 -n 61440000 433.cu8

Mo fi 433.7 ṣe àárín dípò 433.92, torí pé àárín gan-an ni dongle máa ń fi àmì kékeré tirẹ̀ sí, tí kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Ó dára kí ohun tí ẹ ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fáìlì náà máa jẹ́ báìtì 122,880,000 géérégé. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun gbogbo pé, nítorí rtl_sdr á máa gbà títí iye tí ẹ pè á fi pé, bí àwọn kan tilẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Ìdí tí «time» fi wà níwájú nìyẹn. Bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 60 àti díẹ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ, sáńpù ti sọnù, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí wọ́n ti sọnù.

Ẹ wò ó bóyá gain ti pọ̀ jù:

import numpy as np
d = np.fromfile('433.cu8', dtype=np.uint8)
print(((d == 0) | (d == 255)).mean())

Nọ́ńbà tó jáde gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0 gan-an. Bí ó bá ga, ẹ dín gain kù kí ẹ tún un gbà.

Fáìlì cu8 kò sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Kò sọ fíríkúẹ́ńsì, kò sọ iye sáńpù, kò sọ aago. Ẹ lo SigMF, ìlànà tí gbogbo èèyàn lè kà. Ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà sí 433.sigmf-data, kí ẹ kọ 433.sigmf-meta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní irú ọ̀nà yìí:

{
 "global": {"core:datatype": "cu8", "core:sample_rate": 1024000,
  "core:version": "1.0.0", "core:hw": "RTL-SDR R820T2, gain 28.0, ppm 1"},
 "captures": [{"core:sample_start": 0, "core:frequency": 433700000,
  "core:datetime": "2025-03-04T06:00:00Z"}],
 "annotations": []
}

Ẹ fi irú áńtẹ́nà, ibi tó kọjú sí àti asẹ́ tó wà níbẹ̀ kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá yí ọ̀kan nínú wọn padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ lórí ohun tí èèyàn lè gbọ́ àti ohun tó lè tọ́jú. Tábìlì agbára kò ní ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú, àmọ́ fáìlì IQ lè ní. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó gba ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má sì pín irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kiri.

Kíka ohun tí ẹ gbà

Fún fáìlì rtl_power, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò fún fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ni iye àárín àti iye tó ga jù:

import csv, gzip, glob, numpy as np
d = {}
for n in sorted(glob.glob('/mnt/gba/fm_*.csv.gz')):
    with gzip.open(n, 'rt') as f:
        for r in csv.reader(f):
            k = (float(r[2]), float(r[4]))
            d.setdefault(k, []).append([float(x) for x in r[6:]])
for (isale, ipin), a in sorted(d.items()):
    a = np.array(a)
    m, g = np.median(a, axis=0), a.max(axis=0)
    for i in range(len(m)):
        print(round((isale + i * ipin) / 1e6, 4), round(m[i], 1), round(g[i], 1))

Níbi tí méjèèjì bá ti ga, ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ ló wà níbẹ̀. Níbi tí iye àárín bá rọlẹ̀ tí iye tó ga jù sì fò sókè, ẹnì kan ń wá, ó ń lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ darí rtl_sdr sí. Bí iye àárín bá ga díẹ̀ ní gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà láti ọjọ́ kan lọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí inú ilé: ṣájà tuntun, gílóòbù LED tuntun, wáyà tó ti tú. Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo ariwo ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń pa wọ́n. Bí ìlà kan bá sì dúró ṣinṣin lórí fíríkúẹ́ńsì kan náà tọ̀sán-tòru, ẹ fi ìdérí 50 ohm rọ́pò áńtẹ́nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, inú dongle tàbí lára Pi ló ti ń wá. Ẹ kọ fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìṣírò tí ẹ bá ṣe.